Ààbò Ojú Pópó ní Nàìjíríà: Iṣẹ́ Ìjọba àti Àwọn Alábàáṣe Rẹ̀

Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn ìyá wa ti ń súre fún ọmọ tí ó bá fẹ́ rìnrìn-àjò pé kí ó má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ sì dé tán, tí àwọn dẹ́rẹ́bà fi ara wọn sábẹ́ ààbò Ògún lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀, àdúrà náà kò kúrò lẹ́nu wa títí di òní. Kò sì gbọdọ̀ kúrò, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti ọdún 5 sí 29, kò sí ohun kan tí ń pa wọ́n tó o. Ohun tí ìtàn ilẹ̀ Nàìjíríà sì fi hàn wá lórí ọ̀ràn yìí ni pé ibi tí ìjọba bá ti dá iṣẹ́ ààbò ṣe, kì í pẹ́ rọ. Ibi tí ó bá ti pe àwọn tí ó ni ọkọ̀, àwọn tí ń wà á, àti àwọn tí ń gbé lẹ́bàá títì mọ́ra, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń ta gbòǹgbò.

Ilé-iṣẹ́ elépo Shell ni ó kọ́kọ́ ń kéde ìwakọ̀ pẹ̀lẹ́ fún àwọn ará ìlú láàrin ọdún 1960 sí 1965. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà ṣí kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, bí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká ti ń ṣe. Ní ọdún 1977 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, èyí tí Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Òṣogbo jọ wà nínú rẹ̀ nígbà náà, dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí ó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, sì jẹ́ òpó pàtàkì nídìí rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tú ẹgbẹ́ náà ká ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ kò kú: ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1988, Òfin 45 dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀, Ṣóyínká kan náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́, Olú Agúnlóyè sì ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́. Òfin tí àjọ náà ń lò lónìí ni ti ọdún 2007.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àjọ náà ti ní àwọn ẹ̀ṣọ́ olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí a mọ̀ sí Sípẹ́ṣà Máṣà, dókítà, tíṣà, lọ́yà àti oníṣòwò tí kì í gba owó oṣù, tí wọ́n ń fi àkókò tiwọn dúró sí oríta láti tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tí ó dára jù lọ tí Nàìjíríà ti ṣe fún ara rẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ rí bí ọwọ́ ọmọdé tí kò tó pẹpẹ àti ọwọ́ àgbà tí kò wọ akèrègbè ti ń ran ara wọn lọ́wọ́, ìwé ìwakọ̀ ni kí a wò. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ni yóò kọ́ni, òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìpínlẹ̀ ni yóò dán ni wò, ọ́fíìsì owó-orí ìpínlẹ̀ ni yóò gba owó rẹ̀, Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni yóò tẹ ìwé náà jáde. Ẹni tí ó bá fi owó ra ìwé náà láìdé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò dán an wò ti já okùn yìí láàrin, ó sì ti fi ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn wéwu.

Ọ̀rọ̀ tánkà ni ó wúwo jù lọ́kàn mi. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, tánkà epo kan ṣubú ní Majiya ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, àwọn ará ìlú sáré lọ gbọ́n epo tí ó dànù, iná sì sọ, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 140. Kò pé oṣù mẹ́rin tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oríta Dikko, nítòsí Suleja, tí ó lé ní 80 ènìyàn sì bá a lọ. Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: ìdí nìyí tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ẹgbẹ́ àwọn tí ó ni tánkà àti ẹgbẹ́ àwọn tí ń wà á fi fọwọ́ sí i pé kí a máa yẹ ọkọ̀ wò kí ó tó gbé epo ní ibùdó epo, kí a wo táyà, ìjánu, iná, ìwé dẹ́rẹ́bà, àti fáàfù tí kì í jẹ́ kí epo tú jáde bí tánkà bá dojú dé. Ìyẹ̀wò yìí kò le. Ibùdó epo tí ó bá rójú gbé epo fún ọkọ̀ tí kò ní fáàfù ni ó yẹ kí òfin kọ́kọ́ mú, kí ó tó kan dẹ́rẹ́bà.

Fún ẹni tí ń wakọ̀: ní ọ̀nà márosẹ̀, eré ọkọ̀ ara-ẹni kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ti bọ́ọ̀sì àti takisí 90, ti tánkà àti tírélà 60, láàrin ìlú, 50 ni ti ọkọ̀ kékeré àti ti bọ́ọ̀sì, 45 ni ti tánkà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni a ti ń fi òfin mú ọkọ̀ èrò tí kò ní ẹ̀rọ tí ń dín eré kù. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà tí í sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2322 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2022. Èyí tí ó bá ti lé ní ọdún 4, bí ó ti wù kí ó dán tó, kí a má lò ó, pàápàá táyà tòkunbọ̀.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àwọn ará abúlé àti àwọn ọlọ́jà ẹ̀bá títì ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ débẹ̀, nítorí náà ni ó fi yẹ kí a kọ́ wọn bí a ti ń gbé ẹni tí ó fara pa láì ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ilé-ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó wà nínú ewu, ìbáà ṣe ìjọba ni ó ni ín tàbí aládàáni. Nọ́ńbà Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni 122, ti pàjáwìrì gbogbo ni 112. Kí olórí gáréèjì kọ méjèèjì gàdàgbà sára ògiri, níbi tí èrò ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.