Agboolé Inú: Òye Nípa Àwọn Apá Inú Ẹ̀dá Nínú Ìtọ́jú Ọgbẹ́ Ọkàn àti Àìbalẹ̀ Ọkàn, àti Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ ní Ìbàdàn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ìlànà ìtọ́jú kan tí ó gbà pé inú ẹ̀dá dà bí agboolé tí ọ̀pọ̀ ń gbé. Ó fi ìlànà náà wé bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn, ó sì fi àpẹẹrẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní agbègbè Challenge, Ìbàdàn, tú u palẹ̀. Èrò tí iṣẹ́ náà gbé kalẹ̀ ni pé ìwà tí olùkọ́ ń pè ní oríkunkun lè jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró ti ọgbẹ́. Bí a bá na ẹ̀ṣọ́, ọgbẹ́ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ san.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Òwe yìí fi hàn pé àwọn àgbà ti mọ̀ tipẹ́ pé ìpalára kì í mọ sí ara nìkan. Ejò ti lọ, oró ti tán lára, ṣùgbọ́n ohun kan nínú ẹni náà ṣì ń ṣọ́nà. Ìpalára tí ó kọjá ohun tí ọkàn lè gbé, tí ó sì ń padà wá nínú àlá, nínú ìfòyà àti nínú ìwà, ni iṣẹ́ yìí pè ní ọgbẹ́ ọkàn. Ìfòyà tí kò sinmi, tí ń já ènìyàn láyà láìsí ewu lójú, ni ó pè ní àìbalẹ̀ ọkàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán ní Ìbàdàn. Omíyalé ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011 gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní 100. Ní ọjọ́ 16, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, ohun abúgbàmù dún ní Bódìjà. Ó wó ilé, ó sì pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún yẹn kan náà, ọmọdé 35 kú nígbà tí èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọmọdé kan ní Baṣọ̀run. Àwọn ọmọ tí ó yè padà sí kíláàsì. Yàtọ̀ sí àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá wọ̀nyí, ìjàǹbá ọkọ̀ àti ikú òbí ń ṣẹlẹ̀ láìsí ìwé ìròyìn tí yóò gbé e.

Ìbàdàn yìí náà ni iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà àti ìmọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé Nàìjíríà. Ní 1959, àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, tí kò jìnnà sí Challenge, pe àwọn òṣìṣẹ́ oríṣiríṣi wá láti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jáde lọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tí a tún Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ṣe ní 1981, ó sọ pé a ó yan olùdámọ̀ràn sí àwọn ilé-ìwé tí ó ga ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó wá sábà ń dá dúró níwájú ọmọ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Ìpìlẹ̀ Ìlànà Náà

Richard Schwartz, ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú ìdílé, ni ó ṣe agbátẹrù ìlànà yìí láti àwọn ọdún 1980. Ìwé rẹ̀ tí ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní 1995. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń tọ́jú máa ń sọ pé apá kan nínú wọn fẹ́ èyí, apá kejì kọ̀ ọ́. Schwartz ṣàkíyèsí pé àwọn apá náà ń bá ara wọn lò bí ará ilé kan: wọ́n ń jà, wọ́n ń dáàbò bo ara wọn, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni alámòójútó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí wàhálà má ṣẹlẹ̀ rárá. Òun ni ó ń mú ènìyàn yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹta, tí kò ní jẹ́ kí ó ṣe àṣìṣe kankan, tí ó sì ń mú un wu gbogbo ènìyàn.

Èkejì ni panápaná. Èyí kì í dìde àfi tí iná bá ti ràn. Bí panápaná ti ń fọ́ ilẹ̀kùn, tí ó sì ń da omi sórí ẹrù olówó iyebíye, bẹ́ẹ̀ ni apá yìí ń lo ìbínú, ọtí, oorun tàbí ìjà. Kò ro ohun tí yóò bàjẹ́. Kí iná sáà ti kú ni tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹni àtìmọ́lé. Òun ni ó gbé ìrora, ìtìjú àti ẹ̀rù ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ó sábà máa ń kéré lọ́jọ́ orí ju ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn kí igbe rẹ̀ má baà da ilé rú.

Lẹ́yìn àwọn mẹ́ta yìí ni olúwarẹ̀ gan-an wà, tí a lè pè ní baálé agboolé inú. Ìfarabalẹ̀, àánú àti ìfẹ́ láti mọ òótọ́ ni a fi ń dá a mọ̀. Schwartz ní ìpalára kì í pa baálé yìí. Ariwo àwọn yòókù ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: iṣẹ́ ìtọ́jú ni láti dá àgbà yìí padà sáàárín ilé rẹ̀.

Kò yẹ kí ìmọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní Aró, Abẹ́òkúta, nípa jíjẹ́ kí wọ́n gbé nínú abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn. Lambo kò yọ aláìsàn kúrò nínú ìdílé. Schwartz ní tirẹ̀ rí ìdílé nínú ènìyàn kan ṣoṣo.

Ọkàn Kan, Ọkàn Kejì

Èdè Yorùbá ti ní àyè fún èrò yìí. Ẹni tí ó wà ní ìkòríta ìpinnu máa ń wí pé, “Ọkàn kan ní kí n lọ, ọkàn kejì ní kí n má lọ.” Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí yóò sọ pé ọkàn méjì ni ó wà láyà onítọ̀hún tàbí pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a má so ohun tí kò jọra pọ̀. Gbádégẹṣin (1991) ṣe àlàyé ara, ọkàn, ẹ̀mí àti orí gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó para pọ̀ di ènìyàn lójú Yorùbá. Orí jẹ mọ́ ìpín tí ẹ̀dá gbé wá sáyé. Iṣẹ́ tí àwọn apá inú ń ṣe kì í ṣe ìpín: ohun tí ojú rí ni ó yàn wọ́n sí i, nítorí náà a lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í sì í ṣe ẹ̀mí àìrí tí a ń lé jáde. Ẹni tí ó bá gbìyànjú láti lé alámòójútó lọ yóò rí i pé ṣe ni yóò túbọ̀ di ilẹ̀kùn mú.

Àpẹẹrẹ Láti Challenge

Ká ní ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá kan wà ní ilé-ìwé kan ní Challenge. Ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lórí ọ̀kadà nígbà tí tírélà kọlù wọ́n. Ìyá náà pẹ́ ní ilé-ìwòsàn kí ara rẹ̀ tó yá. Ní kíláàsì, ọmọ yìí máa ń to ìwé rẹ̀, yóò tú u, yóò sì tún un tò. Bí tírélà bá fun fèrè ní ojú títì, yóò gbá ọmọ tí ó jókòó tì í. Olùkọ́ ní ọmọ náà ya aláìgbọràn, ó sì fi pàṣán sí i.

Lójú ìlànà yìí, ìwé títò jẹ́ iṣẹ́ alámòójútó: bí gbogbo nǹkan bá wà létòlétò, bóyá ìjàǹbá kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Gbígbá tí ó ń gbá ẹnìkejì jẹ́ iṣẹ́ panápaná, nítorí fèrè ti fẹ́ ṣí yàrá ẹ̀yìn. Nínú yàrá yẹn ni ọmọ tí ó wà lẹ́bàá títì lọ́jọ́ náà ṣì jókòó sí, tí ń wo ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Pàṣán kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn. Panápaná ni ó bà, ó sì fi yé e pé ayé léwu lóòótọ́, kí ó múra sí iṣẹ́ rẹ̀.

Bí Ìtọ́jú Ṣe Ń Lọ

Olùtọ́jú kì í kọ́kọ́ béèrè ìtàn ìjàǹbá. Ẹ̀ṣọ́ ni ó kọ́kọ́ ń kí. Yóò ní kí ọmọ náà fi ọkàn sí apá tí ń to ìwé, kí ó sọ ibi tí ó ti ń mọ̀ ọ́n lára: àyà ni, ọ̀fun ni, tàbí ikùn. Lẹ́yìn èyí ni yóò béèrè pé, “Ọmọ mi, ẹ̀rù kí ló ń bà á pé yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá tò wọ́n?” Bí ọmọ bá dáhùn pé, “Màmá mi á kú, mà,” ẹ̀ṣọ́ ti sọ ìdí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a kò ní bá a jà. Ìgbà tí ó bá gbà láti sún sẹ́yìn díẹ̀ ni a ó tó lọ bá ẹni àtìmọ́lé, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí ó sì mọ̀ pé ọjọ́ náà ti kọjá. Nígbà tí ó bá sọ ẹrù náà kalẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kò níṣẹ́ tí ó le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Alámòójútó yẹn lè wá di ọmọ tí ó mọ ètò ṣe.

Ààlà Ìlànà Náà

Ẹ̀rí tí ó wà fún ìlànà yìí kò tíì pọ̀. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2021 lò ó fún àgbàlagbà 17 tí wọ́n rí ìpalára ní kékeré. Àmì ọgbẹ́ ọkàn dínkù lára wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí a fi wọ́n wé. Ìtọ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2013 fún ọgbẹ́ ọkàn ni èyí tí ń tún èrò àti ìwà ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, àti èyí tí a ń darí ojú aláìsàn síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ó ti ń rántí.

Ẹni tí ń sọ pé “apá kan nínú mi” mọ̀ pé òun ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ń fi etí gbọ́ ohùn níbi tí ènìyàn kò sí ń fẹ́ ìtọ́jú dókítà, bí irú èyí tí ó wà ní UCH. Bákan náà, ṣíṣí yàrá ẹ̀yìn kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹni tí ó bá ṣí i láìní ìmọ̀ lè má rí i tì mọ́.

Ohun Tí Olùkọ́ Lè Ṣe

Ohun tí ó kù fún olùkọ́ kò kéré. Ó lè gbé àga ọmọ kúrò létí fèrèsé tí ó kọjú sí títì. Ó lè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó béèrè ohun tí ń bà á lẹ́rù, kí ó má sì fi ipá gba ìtàn lẹ́nu rẹ̀. Ó lè bá òbí sọ̀rọ̀, kí ó sì júwe ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn tàbí dókítà fún wọn. Èyí kò sọ pé kí a má bá ọmọ wí. Ọmọ tí a gbá ní ẹ̀tọ́ sí ààbò tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìlànà yìí ń sọ ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé a lè wo ìwà tí ó le gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ nínú agboolé inú, àti pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó lè gbé òye náà dé etí ọmọ àti òbí. Ó tún ti fi hàn pé ìlànà náà ní ààlà. Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi ẹ̀kọ́ nípa ọgbẹ́ ọkàn kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń kọ́ kí wọ́n tó lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò. Kí olùkọ́ tó gbé pàṣán, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́.