Ọkọ̀ Eré-ìje McLaren MP4/6, Ọdún 1991

Ọkọ̀ eré-ìje Formula One ni èyí, ẹnì kan ṣoṣo ni àyè rẹ̀ gbà. Okùn kábọ́nù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ó fúyẹ́, ó sì le koko. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é. Láti Japan ni ẹ́ńjìnnì Honda onísílíńdà 12 rẹ̀ ti wá.

Irú rẹ̀ ni awakọ̀ eré-ìje Ayrton Senna wà nínú ìdíje ní São Paulo, ìlú tí wọ́n bí i sí, ní Bràsíl, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, 1991. Nígbà tí jíà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó wá ku ẹlẹ́ẹ̀kẹfà nìkan, tí òjò sì tún dé, bí ìgbà tí àjẹ̀ ṣẹ́ mọ́ atukọ̀ Ìwáyà ní Èkó lọ́wọ́ láàárín ọ̀sà, akin náà kò juwọ́ sílẹ̀: iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Ìṣẹ́jú-àáyá tí kò pé mẹ́ta ni ó fi ṣíwájú Riccardo Patrese, awakọ̀ tí ó ṣe ipò kejì. Agbára káká ni ó fi gbé ife ẹ̀yẹ sókè.

Ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún àyè awakọ̀, ẹ ó rí ọ̀pá jíà. Ọkọ̀ yìí ni ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí a fi irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ wà gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé.