Ẹ béèrè kí ẹ tó gba ọ̀bẹ
Iṣẹ́ abẹ kan wà tí ó ń mú ẹni tí ó sanra jù fọn. Dókítà a gé apá púpọ̀ nínú àpò oúnjẹ kúrò; èyí tí a gé kì í padà mọ́. Ẹni tí ó ga tó mítà 1.60, tí ó sì wúwo tó kílò 103, wà lára àwọn tí ó lè béèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè dà, ojú ibi tí a rán sì lè jò. Iyán ọdún iṣu Savalou yóò di òkèlè díẹ̀. Lílo fítámì yóò di ti títí ayé.

Nítorí náà, kí ará Koko kọ́kọ́ rí dókítà ní Bantè tàbí Savalou. Kí ó béèrè: ta ni yóò ṣe é? Èló ni? Ta ni yóò máa tọ́jú mi lẹ́yìn rẹ̀? Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.