Ta Ni Bàbá Jọ́gíráfì?

Ọmọ kan ń ka orúkọ olú ìlú àwọn orílẹ̀-èdè lórí níwájú ilé wọn n'Ìbàdàn, a sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ò pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní: "Ó káre. Àmọ́ ẹ bi í pé, láàárọ̀, apá ibo ni òjìji ilé wọn ń ṣubú sí? Ìyẹn gan-an ni jọ́gíráfì."

Ọ̀rọ̀ bàbá kò jìnnà sóòótọ́. Èdè Gíríìkì ló bí orúkọ náà: kíkọ nípa ilẹ̀ ayé. Eratosthenes ará Kirene, tó ṣe olórí ilé ìkàwé ńlá Alẹksáńdríà ní Íjíbítì ní nǹkan bí 2,200 ọdún sẹ́yìn, ló fi pe ìwé rẹ̀. Òjìji ló sì fi wọn ayé. Láyé rẹ̀, oòrùn a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sí àárín orí ní Aswan lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún. Ní Alẹksáńdríà lọ́jọ́ kan náà, òjìji fi hàn pé oòrùn yẹ̀ ní ìdá kan nínú 50 òbìrìkìtì. Eratosthenes wá sọ ìjìnnà ìlú méjèèjì síra wọn di ìlọ́po 50, ó sì rí ìwọ̀n àyíká ayé.

Síbẹ̀, Strabo, tó kọ ìwé jọ́gíráfì alápá 17 ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní akéwì Homer ni bàbá ẹ̀kọ́ náà, torí ó mẹ́nu ba òkun, ìlú àti ẹ̀yà. Eratosthenes ti kọ̀ jálẹ̀ tẹ́lẹ̀: iṣẹ́ akéwì ni kó dá ni lára yá. Homer sọ pé wọ́n di ẹ̀fúùfù sínú àpò awọ fún jagunjagun Odysseus. Eratosthenes ní ọjọ́ tí wọ́n bá rí ẹni tó rán àpò náà ni wọ́n á tó mọ ibi tí Odysseus rìn dé. Èyí bí Strabo nínú, ó sì gbèjà Homer lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Èmi wà lẹ́yìn ẹni tó wọn ilẹ̀.

Àwa náà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti ṣèwádìí púpọ̀ lórí àwọn ìlú Yorùbá, di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ jọ́gíráfì àgbáyé. Ọdún yẹn náà ni odò Ògùnpa kún àkúnya, tó gbẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn n'Ìbàdàn. Ìmọ̀ wà nílùú, kò dé etí odò.

Láyé ijọ́un, olùkọ́ a máa kó ọmọ jáde lọ wo òkè àti odò. Lónìí, àkọ́sórí ló kù, fóònù ló sì ń júwe ọ̀nà. Ọmọ tí ò bá mọ ibi tí omi ń gbà, bó bá dàgbà, ojú omi ni yóò kọ́lé sí.