Ọ̀pá Resin àti Àpò Dialysis

Kì í ṣe bí alumíníọ̀mù ṣe pọ̀ tó nínú omi nìkan ló ń pa ẹja; irú èyí tó wà níbẹ̀ ló ṣe kókó. Àwọn adágún Adirondack, ní ìpínlẹ̀ New York, wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Òjò ásíìdì ń fọ alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ wọnú omi, ẹja sì ń kú. Ní 1980, Charles Driscoll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé èyí tó dá wà ló ń ṣọṣẹ́. Èyí tí oje ewé jíjẹrà dì mú, nínú omi tó pọ́n bí àgbo, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. (Mo ní ó dá wà, ṣùgbọ́n fluoride àti irú rẹ̀ máa ń bá a rìn.)

Ọ̀nà tí Driscoll gbé jáde ní 1984 ni pé kí omi gba inú ọ̀pá tí èérún resin kún inú rẹ̀ kọjá. Resin á gba èyí tó dá wà, èyí tí oje ewé dì mú á sì jáde. A ó wọn alumíníọ̀mù kí omi tó wọlé, a ó sì wọ̀n ọ́n nígbà tó bá jáde. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni à ń wá. Ó yá, ó sì ṣeé ṣe létí odò. Àmọ́ bí resin bá yí pH omi padà, ohun tí a fẹ́ wọ̀n ti yí padà nìyẹn. Bí omi bá rọra ṣàn jù, resin á já díẹ̀ gbà lọ́wọ́ oje ewé. Bó bá sáré jù, èyí tó dá wà á bọ́ lọ.

Ọ̀nà kejì ni àpò dialysis, tí kì í fa nǹkan kan. A ó da omi mímọ́ sínú rẹ̀, a ó rì í sódò, alumíníọ̀mù á máa gba ihò tín-tìn-tín ara rẹ̀ wọlé títí inú àti òde yóò fi dọ́gba. Ó máa ń gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ odò tí yìnyín ń yọ́ sínú rẹ̀ kì í dúró deni; omi rẹ̀ lè ti yí padà kí inú àti òde tó dọ́gba.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé apá kan náà ni àṣìṣe méjèèjì sábà máa ń tẹ̀ sí. Resin ń já èyí tí ewé dì mú gbà. Ihò àpò ń jẹ́ kí oje ewé tó kéré gbé alumíníọ̀mù wọlé. Méjèèjì á bu èyí tó dá wà kún. Nítorí náà, bí èsì wọn bá bára mu, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí pé wọ́n tọ̀nà.

Ọ̀pá ni èmi yóò gbé lọ sétí odò, torí ó ṣeé yẹ̀ wò: da omi kan náà gbà á kọjá ní ìwọ̀n ìyára méjì. Bí èyí tó rọra ṣàn bá fi èyí tó dá wà hàn jù, a jẹ́ pé resin ti ń jàgbà, tàbí pé ìyára ti èkejì ti pọ̀ jù. Ìyára kẹta tó tún rọra ju méjèèjì lọ ni yóò yanjú ìyẹn.