Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Òrùka Nínú Yanrìn

Gouka jìnnà sí òkun. Ẹni tó bá fẹ́ rí òkun yóò wọ mọ́tò lọ sí gúúsù, títí dé Kútọnu. Yanrìn pọ̀ gan-an ní etí òkun. Bí òrùka bá bọ́ sínú rẹ̀, ojú lásán kò lè rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan wà tó lè wá a.

Ẹ̀rọ náà ní ọ̀pá gígùn. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni wáyà wà, tí a ká róbótó bí òṣùká. Iná mànàmáná ń wọ inú wáyà náà, ó sì ń kú lójijì, léraléra.

Ẹ wo agogo ilé-ìwé. Bí a bá lù ú, tí a sì gbé igi kúrò, ó ṣì ń dún díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni irin àti wúrà rí. Bí iná ẹ̀rọ bá kú, agbára rẹ̀ ṣì kù díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀rọ á gbọ́ ọ, á sì ké.

Omi òkun ní iyọ̀. Iyọ̀ máa ń tan àwọn ẹ̀rọ mìíràn jẹ. Ṣùgbọ́n agbára iná kì í pẹ́ nínú omi iyọ̀. Ẹ̀rọ yìí ń dúró díẹ̀ kí ó tó tẹ́tí sílẹ̀. Nítorí náà, omi kì í tàn án.

Síbẹ̀, kò mọ ìyàtọ̀ òrùka àti ìṣó dáadáa. Ẹni tó mú un dání gbọ́dọ̀ fi sùúrù gbẹ́ yanrìn, kí ó sì dí ihò náà padà. Bí ó bá rí òrùka, kí ó wá ẹni tó ni ín.

Ìbéèrè
1. Kí ló ń tan àwọn ẹ̀rọ mìíràn jẹ?
2. Kí ló yẹ kí a ṣe bí a bá rí òrùka ẹlòmíràn?