Ìdá Páskàlì: Ṣíṣẹ́ Ìwọ̀n Ìtẹ̀ Kéékèèké ní Èdè Yorùbá

Ní Òṣòdì, níbi tí ojú irin, ọ̀nà márosẹ̀, ibùdókọ̀ àti ọjà ti pàdé, ariwo kì í dákẹ́. Igbe kọ̀ńdọ́kítọ̀ àti fèrè ọkọ̀ ń kọlu etí láti àárọ̀ di alẹ́. Ìtẹ̀, èyí ni agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ awọ inú etí, ni ìró jẹ́. Páskàlì ni wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀. Ní ọdún 1971 ni àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n fọwọ́ sí orúkọ yìí, ní ìrántí Blaise Pascal, onímọ̀ ará Faransé.

Afẹ́fẹ́ etí òkun ń tẹ ohun gbogbo ní nǹkan bí 101,325 páskàlì. Ìyípadà bíńtín lórí èyí ni ìró. Ìdí nìyí tí wọ́n fi pín páskàlì sí wẹ́wẹ́, sí mílípáskàlì àti máíkírópáskàlì. Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún ìpín wọ̀nyí. Onígbàgbọ́ tí ń san ìdámẹ́wàá mọ̀ pé ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni, kì í ṣe mẹ́wàá. Bákan náà, ìdá-ẹgbẹ̀rún páskàlì ni mílípáskàlì. Níwọ̀n bí ọ̀kẹ́ kan ti jẹ́ 20,000, ìdá-àádọ́ta-ọ̀kẹ́ páskàlì ni máíkírópáskàlì, ọ̀kan nínú 1,000,000.

Yíyí ọ̀kan padà sí èkejì dà bí ẹni ṣẹ́ owó: iye ẹyọ ń pọ̀ sí i, owó kò yí padà. Bí ènìyàn bá ń lọ sí ìdá tí ó kéré, yóò fi 1,000 sọ iye náà di púpọ̀. Bí ó bá ń padà bọ̀, yóò fi 1,000 pín in. Nípa báyìí, 0.2 páskàlì jẹ́ 200 ìdá-ẹgbẹ̀rún, ó sì jẹ́ 200,000 ìdá-àádọ́ta-ọ̀kẹ́.

Àṣìṣe níhìn-ín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ogún ìdá-àádọ́ta-ọ̀kẹ́ páskàlì ni ìró tí ó rẹlẹ̀ jù tí etí ọ̀dọ́ tí ó dá ṣáká lè gbọ́, òdo dẹ́síbẹ̀lì. Ogún ìdá-ẹgbẹ̀rún jẹ́ 60 dẹ́síbẹ̀lì, bí ìtàkùrọ̀sọ ènìyàn méjì. Ogún páskàlì gan-an jẹ́ 120, ìró tí ń dun etí. Ogún kan náà ni gbogbo wọn. Ìdá ni ó yà wọ́n. Bí olùkọ̀wé ìkìlọ̀ fún àwọn oníṣòwò Òṣòdì bá ṣi ìdá kan lò fún òmíràn, yóò pe ariwo tí ń ba etí jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Nítorí náà, ó tọ́ kí á kọ ìdá ní kíkún níwájú iye rẹ̀ nígbà gbogbo, kí á má sì gé e kúrú.